Ẹsẹ̀ Aránbàtà

Bí ọkọ mi bá ti rí ẹsẹ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́. Ó lè gbàgbé orúkọ rẹ, ó lè gbàgbé ojú rẹ pàápàá, ṣùgbọ́n bí o bá bọ́ bàtà níwájú rẹ̀, yóò sọ fún ọ pé ìwọ ni ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ tó gba bàtà dúdú olókùn lọ́wọ́ òun lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Aránbàtà ni. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń ṣe é, nínú yàrá iwájú ilé wa, níbi tí fèrèsé ńlá kan ti kọjú sí òpópónà. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Aránmátùú, nítorí pé bí ó bá rán bàtà, awọ rẹ̀ lè gbó, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lè jẹ, ṣùgbọ́n ojú rírán rẹ̀ kì í tú. Èmi ìyàwó rẹ̀, Ọ̀gá ni mò ń pè é, láti ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ gbé bàtà wá kó bá mi tún un ṣe, tó ní kí n padà wá lọ́la, tó tún ní lọ́la, tó tún ní lọ́la, títí mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti bàtà.

Èmi náà ní iṣẹ́ tèmi. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé kí n tó fẹ̀yìntì. Èmi ni mò ń ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tí mò ń wá àṣìṣe inú rẹ̀. Ojú mi kì í fo nǹkan. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dárí ji ara mi tán lórí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, torí ọdún méje gbáko ni àìsàn kan fi ń rìn kiri nínú ilé mi, tí mò ń wò ó, tí mi ò kà á.

Àtọ̀gbẹ ni. Nígbà tí dókítà kọ́kọ́ sọ pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fún un ní oògùn oníhóró, wọ́n sì ní kó máa padà wá ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ó lọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta, ó ní bàtà ìyàwó kan wà lọ́wọ́ òun tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Nígbà kẹrin, kò tilẹ̀ wá àwáwí kankan. Ó ń lo oògùn náà nígbà tó bá rántí, bí ẹni tó ń bá aládùúgbò bomi rin òdòdó. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní ṣé mo rí òun lórí ibùsùn ni, á ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kì í ṣe aláìsàn. Ó sì fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún gbogbo ayé. Lójú tirẹ̀, bí àwọn oníbàárà bá fi lè gbọ́ pé ara òun ò yá, wọn á rò pé ọwọ́ òun náà ò yá mọ́.

Ọjọ́bọ̀ kan, bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mo gbé tíì lọ bá a nínú yàrá iwájú. Mo rí àmì pupa kan lórí sìmẹ́ńtì, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Mo rí òmíràn níwájú rẹ̀, mo tún rí òmíràn. Láti ibi tábìlì iṣẹ́ dé ibi tó ń kó awọ sí, láti ibi awọ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí àmì ìdánudúró nínú ìwé ẹni tí kò mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Mo ní, Ọ̀gá, pọ́líìṣì pupa yín ti dà sílẹ̀. Ó ní àfàìmọ̀. Ṣùgbọ́n bàtà dúdú ló wà níwájú rẹ̀, pọ́líìṣì dúdú ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ìka kan ọ̀kan nínú àwọn àmì náà, mo gbé e símú. Kì í ṣe pọ́líìṣì.

Mo ní kó jókòó. Mo bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, bàtà tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ìbọ̀sẹ̀ inú rẹ̀ ti rin gbindin. Ìṣó kékeré kan, irú èyí tí wọ́n fi ń kan àtẹ́lẹsẹ̀, ti gba abẹ́ bàtà wọlé, ó sì dúró ṣinṣin nínú ẹran ara, lábẹ́ ọmọ-ìka tó kéré jù. Láti òwúrọ̀ ló ti ń tẹ̀ ẹ́ kiri ilé.

Ó wo ìṣó náà, ó wò mí.

"Kò dùn mí," ló wí. Lẹ́yìn náà ó tún un sọ, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ń yà lẹ́nu. "Kò dùn mí rárá."

Ó fi ẹ̀mú fa ìṣó náà yọ, ó da oògùn egbò sí i, ó wé aṣọ mọ́ ọn, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ní ká lọ sílé ìwòsàn, ó ní ṣé nítorí ìṣó lásán ni. Mo jẹ́ kó borí mi. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ẹsẹ̀ náà ti wú débi pé awọ rẹ̀ ń dán, ó ti ń dúdú létí, òórùn sì ti ń ti inú aṣọ náà jáde. Ibà mú un, ó ń gbọ̀n. Mo ké sí aládùúgbò wa tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, òun ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ.

Ọjọ́ mọ́kànlá la lò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gé ọmọ-ìka náà. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ ṣe àdìtú fún wa. Ó ní bí a bá fi ọjọ́ méjì sí i pẹ́, ẹsẹ̀ náà láti ọrùn rẹ̀ wálẹ̀ ni ì bá lọ, àti pé bí nǹkan bá ń bá a lọ báyìí, yóò lọ náà lọ́jọ́ kan. Ọkọ mi yí ojú sí ògiri. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní ọ̀gá, ó dùbúlẹ̀ níbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n bá wí. Ohun kan ṣoṣo tó sọ fún mi lọ́jọ́ náà ni pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn ọmọ wa.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dá wa sílẹ̀, wọ́n mú wa lọ sí yàrá kan ní ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn, níbi tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tọ́jú. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ọkọ mi wò ó, ó wo ẹnu ọ̀nà, bóyá àgbà kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ọmọ náà jókòó sórí àpótí kékeré kan níwájú wa, ó gbé ẹsẹ̀ ọkọ mi lé itan ara rẹ̀, ó sì ní kó di ojú. Ó mú okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò nípọn ju irun ìrù ẹṣin lọ. Ó ní ibi mẹ́wàá lòun máa fi kàn, kí Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni nígbàkigbà tó bá ti mọ̀ ọ́n lára.

Mo jókòó, mò ń kà á. Ó kàn án lábẹ́ àtàǹpàkò, Bàbá dákẹ́. Ó kàn án lábẹ́ gìgísẹ̀, Bàbá dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré ló ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìgbà tí nọ́ọ̀sì kò tíì fọwọ́ kan ohunkóhun. Mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Nígbà tó la ojú, tó rí ojú mi, ó mọ̀.

Nọ́ọ̀sì bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ní aránbàtà lòun. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀, ó sì ní:

"Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Tiyín ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, Bàbá. Ṣúgà tó pọ̀ fún ìgbà pípẹ́ ti ba àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ fún yín jẹ́. Ẹsẹ̀ ò ní sọ fún yín mọ́. Ojú yín ló kù tó máa ṣe iṣẹ́ yẹn, àti ojú Màmá."

Bí iṣẹ́ tuntun ṣe dé bá èmi tó ti fẹ̀yìntì nìyẹn. Láràárọ̀, kó tó fẹnu kan nǹkan, ọkọ mi á ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fún wa, á gún ọmọ-ìka ọwọ́ rẹ̀, á kan ẹ̀jẹ̀ sẹ́nu bébà náà, ẹ̀rọ á sì sọ iye ṣúgà, á kọ ọ́ sínú ìwé. Ní ìrọ̀lẹ́, màá bu omi sínú bàsíà, màá fi ìgúnpá mi wò ó bóyá ó gbóná jù, torí ẹsẹ̀ tirẹ̀ lè bó kó má mọ̀. Màá gbé dígí sílẹ̀, á na ẹsẹ̀ sórí rẹ̀, a ó jọ wo abẹ́ rẹ̀ àti àárín àwọn ọmọ-ìka. Ọjọ́ méjì méjì la ń wẹ egbò náà tí a ń di í. Nọ́ọ̀sì ló kọ́ mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo yí ojú kúrò, torí egbò náà jìn débi pé mi ò fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe rí. Mo sọ fún un. Ó ní ó parí, kí n kà á bí ìwé, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí n má fo ìlà kan. Àtọjọ́ náà ni mi ò ti yí ojú kúrò mọ́.

Mi ò se oúnjẹ aláìsàn. Oúnjẹ kan náà ni àwa méjèèjì ń jẹ: ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, ẹja tàbí ẹ̀wà gba ìdá mẹ́rin, ìrẹsì tàbí búrẹ́dì gba èyí tó kù. Ìdí tíì ni ìjà wà. Ṣúgà mẹ́rin ni ọkọ mi ń jù sínú ife kan láti ìgbà èwe rẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń wo ife tíì bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tọ́ ọ wò, ó tún un tọ́ wò, ó ní òun ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé tíì ní adùn tirẹ̀.

Ohun tó le jù ni pé kò gbọ́dọ̀ tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni, ìdí ẹni bẹ́ẹ̀ kì í gbóná lórí ibùsùn. Màá jáde lọ ra nǹkan, màá padà dé, màá bá a níbi tí mo fi í sí, ẹsẹ̀ lórí ìrọ̀rí bí ọmọ ọba. Ọjọ́rú Ọjọ́rú ni nọ́ọ̀sì ń gun kẹ̀kẹ́ wá wò ó nílé. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú báńdéèjì, ó sì rí i pé gọ́ọ̀mù bàtà ti gan nísàlẹ̀ rẹ̀, àgékù awọ kékeré méjì sì lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù náà. Ó fi ìka yọ wọ́n, ó tò wọ́n sórí tábìlì níwájú ọkọ mi. Mo retí kó bínú. Kò bínú. Ó dìde, ó bọ́ sí yàrá iwájú, ó dúró wo tábìlì iṣẹ́ pẹ́ títí. Nígbà tó yá, ó ní kí n fún òun ní àpótí kan àti ìrọ̀rí tó le. Ó fa tábìlì náà sún mọ́ fèrèsé, ó gbé àpótí sábẹ́ rẹ̀, ó gbé ìrọ̀rí lé e, ó jókòó lórí àga ọkọ mi láti wò ó bóyá ọwọ́ á tó awọ bí ẹsẹ̀ bá wà lókè.

"Bàbá, mi ò ní kẹ́ ẹ dá iṣẹ́ dúró," ló wí. "Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ dá dúró."

Ọkọ mi wo àga rẹ̀, ó wo ọmọ náà. Láti ọjọ́ yẹn, kò pè é ní ọmọdé yìí mọ́. Ọ̀gá Kékeré ló ń pè é. Kò lè fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránbàtà rẹ̀, nítorí náà ọwọ́ ló fi ń rán gbogbo nǹkan, èmi ni mo sì di ẹni tó ń gbé òòlù, ìlu tó fi ń dá awọ lu, àti òwú tí a fi ìda pa kiri fún un. Àwọn oníbàárà rí i pé ó ń na ẹsẹ̀ sórí àpótí. Ó sọ fún wọn pé ìṣó ló gún òun, irọ́ kọ́, ó kàn jẹ́ pé ibi tó wù ú ló ti dá ìtàn náà dúró.

Egbò náà ń sún kì. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni nọ́ọ̀sì ń fi ìdiwọ̀n bébà wọ̀n ọ́: sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, mẹ́ta àti ààbọ̀, mẹ́ta. Nígbà tó wọ oṣù karùn-ún, ó dúró. Mẹ́ta lónìí, mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Nọ́ọ̀sì wo ìwé ṣúgà wa, àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ dára. Ó ní kò yé òun.

Èmi náà wo ìwé yẹn lẹ́yìn tó lọ. Mo wò ó pẹ́. Ọjọ́ mẹ́wàá tò síbẹ̀, kálámù kan náà, ọwọ́ kan náà, kò sí ibi tí yíǹkì ti ṣú ju ibòmíràn lọ, kò sí ibi tí ó ti kánjú. Ẹni tó bá ń kọ nǹkan láràárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í rí bákan náà lójoojúmọ́. Ìjókòó kan ni wọ́n fi kọ gbogbo èyí. Mi ò pariwo. Mo fi ìka sórí ojú ìwé náà, mo ní, "Ọ̀gá, ilé ìtẹ̀wé ni mo ti wá o." Mo ní mi ò ní sọ fún Ọ̀gá Kékeré, àmọ́ mi ò ní jókòó tì í kó máa parọ́ fún un níwájú mi.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri, mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi, mo fẹ́ jáde. Ọkọ mi ní kí n jókòó. Ó ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé ẹ̀rọ fún ọmọ náà, ó ní kó wo inú rẹ̀, ẹ̀rọ ò gbàgbé. Àwọn nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ga, òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tó kọ. Ó sọ ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Dókítà ti sọ nígbà kan pé bí oníhóró ò bá ká a mọ́, a ó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, ó sì ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn pé ẹni tó bá ti dórí abẹ́rẹ́, tirẹ̀ ti tán. Ìtìjú ń mú un bó ṣe ń sọ ọ́. Mo mọ ohun tó ná an. Ọkùnrin yìí kì í gbà pé òun ṣe àṣìṣe bí kò bá jẹ́ pé bàtà ló ń jẹ́rìí sí i.

Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ tán. Ó bi í pé bí òwú kan kò bá gbé awọ mọ́, ṣé awọ ló máa bínú sí, tàbí kó wá òwú tó nípọn jù ú lọ. Ọkọ mi ní òwú tó nípọn ni. Ọmọ náà ní ohun tí ínsúlíìnì jẹ́ gan-an nìyẹn, kì í ṣe ìdájọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Ẹ ó rí ohun tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ gún awọ màlúù, tó ń fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu bí ẹni ń mu sìgá, ó di ojú pinpin bí abẹ́rẹ́ tí kò gùn tó èékánná ṣe fẹ́ kàn án níkùn. Mo ní ṣé kí n bá a di ìka mú ni. Ó ní kí n má bá òun wí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ó ti ń gún ara rẹ̀ láìwo ibẹ̀, ó ń bá mi jiyàn lórí ìròyìn rédíò. Ìwé náà wá di ìwé gidi. Nígbà tí ṣúgà bá ga, ó ń kọ ọ́ bó ṣe ga, á sì kọ ohun tó jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bó ṣe máa ń kọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ oníbàárà: gígùn, fífẹ̀, ibi tí egungun ti yọ.

Méjì àti ààbọ̀. Méjì. Ọ̀kan. Nínú oṣù kẹjọ, nọ́ọ̀sì gbé ìdiwọ̀n bébà rẹ̀ lé ẹsẹ̀ náà, ó gbé e kúrò, ó wò mí. Awọ ti pa dé. Ó jẹ́ awọ tuntun, pupa, tó rọ̀ bíi ti ọmọ ìkókó. Ọkọ mi ní kó tún un wọ̀n. Ó tún un wọ̀n. Ọkọ mi ní kó fi ìdiwọ̀n náà sílẹ̀ fún òun, ó sì wà nínú ìwé wa títí dòní.

Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ bàtàkíbàtà mọ́. Nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn máa ń bá àwọn ènìyàn pàṣẹ bàtà pàtàkì láti ọ̀nà jínjìn, ó sì lè tó oṣù mẹ́rin kó tó dé. Ó fi ọ̀kan hàn án. Ọkọ mi yí i padà, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó tẹ ẹ́, ó dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lójú ọ̀nà ló tó sọ fún mi pé ẹni tó rán bàtà yẹn kò bínú sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò ro ti ẹnikẹ́ni náà.

Ó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ó gbẹ́ ẹsẹ̀ igi tuntun, irú èyí tí wọ́n ń rán bàtà mọ́ lára, sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ ara rẹ̀, pẹ̀lú àlàfo ibi tí ọmọ-ìka ti kúrò. Ó jẹ́ kí iwájú bàtà ga kí nǹkan má bàa há ọmọ-ìka mọ́, ó fi fóòmù tó rọ̀ tẹ́ inú rẹ̀, kò sì lo ìṣó kan ṣoṣo. Ó gbé e lọ sí kílíníìkì. Ọ̀gá Kékeré bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú bàtà náà, ó di ojú, ó ń fi ìka wá inú rẹ̀ kiri. Ó dúró níbì kan. Ó ní ojú rírán kan wà níbí tó yọ díẹ̀, pé ẹsẹ̀ tó ń gbọ́ kò ní kà á sí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Bàbá kò gbọ́.

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọkọ mi, mi ò rí ẹni tó dá bàtà padà fún un rí. Mi ò gbójú sókè. Ó gba bàtà náà, ó ní ó ti yé òun, a padà sílé. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó mú ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́, Aránmátùú sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ojú kan tẹ̀ lé òmíràn, kò kánjú. Ó tún un ṣe, ọmọ náà tún rí nǹkan. Ó tún tú u. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọmọ náà tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ tó wá a yíká, tó yọ ọwọ́ rẹ̀, tó sì mi orí pé ó dáa. Mo ti rí ọkọ mi lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn ńlá gba bàtà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn tó báyìí rí.

Ọ̀gá Kékeré fi bàtà náà han dókítà, dókítà fi han aláìsàn kan, ìyá àgbà tó ti jẹ́ olùkọ́ rí, tó ń wọ sálúbàtà kiri nínú òtútù nítorí pé kò rí bàtà tó gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkọ mi rán tirẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti rán bàtà mẹ́tàdínlógún fún àwọn tó ń wá sí yàrá ìsàlẹ̀ yẹn, kò sì sí ọ̀kan tó jáde nílé wa tí Ọ̀gá Kékeré kò kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ̀.

Ẹ má rò pé gbogbo nǹkan ló padà bọ̀ sípò. Nígbà tí ọdún kan pé, ọmọ náà tún mú okùn ọ̀rá rẹ̀, ó ní kí Bàbá di ojú. Mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ohun tó ti lọ ti lọ. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí ṣúgà ti rí láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tó wà ní mọ́kànlá lọ́jọ́ tí wọ́n gé ọmọ-ìka, ti di méje. Dókítà ka nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó dìde lórí àga, ó bọ ọkọ mi lọ́wọ́. Àwa tí wọ́n ń bá wí lọ́jọ́sí nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ni nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ sọ̀rọ̀. Mo rò pé yóò kọ̀. Títí di ìgbà náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa ọmọ-ìka yẹn nínú àwọn ará àdúgbò. Ìgbà tí ọmọ wa obìnrin wá kí wa tó bá mi nídìí bàsíà omi ló tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ó wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, a lọ. Àwọn bíi méjìlá ló jókòó nínú yàrá náà, wọ́n ń wo ilẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe wò ó.

Ọkọ mi kò kí wọn ní kíkí gígùn. Ó jókòó sórí àga níwájú wọn, ó bọ́ bàtà òsì, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó sì na ẹsẹ̀ náà síwájú kí gbogbo wọn lè rí i dáadáa.

"Ọdún méje ni mo fi sọ pé mi ò ṣàìsàn," ló wí. "Ohun tí ọdún méje yẹn gbà lọ́wọ́ mi lẹ ń wò yìí. Èyí tó kù, ọmọ yìí àti ìyàwó mi ló bá mi gbà á là. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ìyàwó mi fi wẹ egbò tí èmi fúnra mi ò lè wò. Ẹ dìde, Màmá, kí wọ́n rí yín."

Ogójì ọdún la ti fẹ́ra, kò pè mí ní ẹ rí. Mo dìde. Mi ò mọ ibi tí màá kó ọwọ́ mi sí. Èmi tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìwé ni mo ti máa ń ṣiṣẹ́, tí wọn kì í kọ orúkọ mi sí ojú ewé kankan, mo dúró níwájú àwọn àlejò méjìlá, wọ́n ń wò mí, orí mi sì wú.

Nígbà tí wọ́n ń tú ká, ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù rọra sún mọ́ wa. Bàtà rẹ̀ le, ó há, ó sì ń tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún pẹ̀lẹ́. Ó bẹ ọkọ mi pé kó bá òun wò ó, òun rò pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Ọkọ mi wo bàtà náà. Mo rí i pé ọwọ́ ń yún un. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án.

"Aránbàtà ni mí," ló wí fún un. "Ọ̀gá mi ló ń kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀. Bó bá ti wò ó tán, wá bá mi."

Ó mú un lápá, ó fà á lọ síbi tí nọ́ọ̀sì jókòó sí, ó sì dúró tì í títí ọkùnrin náà fi bọ́ bàtà. Èmi lọ síbi tábìlì tí wọ́n ti ń kọ ọjọ́ sílẹ̀, mo gba ọjọ́ wa fún oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó pa ìwé náà dé. Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀.